Bí a ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré tí yóò fi mọ̀ wá

Bàbá kan, Manchester: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ọmọbìnrin wa ti pé oṣù méjì, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e, ńṣe ni ó máa ń ké títí ìyá rẹ̀ yóò fi gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá kan, Leeds: Bàbá Ìkókó, ẹ kú oríire, ẹ sì kú àìsùn. Kì í ṣe pé ọmọ kò fẹ́ràn yín. Òórùn ìyá rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni ó mọ́ ọn lára jù. Ẹ yan òwúrọ̀ tí ẹ bá dé, nígbà tí ó bá ti mu ọmú yó tí ojú rẹ̀ sì dá. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí pé nǹkan bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ni ọmọ tuntun ti máa ń rí ojú ènìyàn kedere jù.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀ nápì rẹ̀, ẹ ki oríkì rẹ̀, kí ẹ fa ohùn gùn, kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe. Ọmọ oṣù méjì kì í tètè dáhùn: yóò kọ́kọ́ ranjú mọ́ yín, yóò máa ta ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò là, kí ìró kékeré kan tó jáde. Ẹ dá a lóhùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àgbà ni ó sọ, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?", kí ẹ sì tún dúró dè é. Bí ó bá gbójú kúrò tàbí tí ó bá ń yán, ó ti tó nìyẹn.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má ṣe wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, kí ẹni tí kò tíì lè rá sì máa dojú bolẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò bá sùn, títí yóò fi pé ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ dùbúlẹ̀ kọjú sí i. Ṣùgbọ́n bí oorun bá ti ń kùn yín, ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀ tàbí sínú ibùsùn rẹ̀, nítorí pé kí òbí sùn lọ pẹ̀lú ọmọ lórí àga tìmùtìmù léwu gidigidi.

Bàbá kan, Manchester: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé Yorùbá kò ní da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lójú?

Ìyá kan, Leeds: Rárá o. Èdè méjì kì í da ọmọ láàmú. Láàárín oṣù 6 sí 12 ni etí rẹ̀ yóò máa mú mọ́ ìró èdè tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́, tí ìyókù yóò sì máa di àjèjì sí i. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.