Láti ojú-ìwé oúnjẹ bọ́ sí ara ìgò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọlọ́wọ́ Ọnà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ìwé ìdáná ni mò ń ṣe láti ìgbà tí mo ti di dìsáìnà. Èmi ni mo máa ń to ojú-ìwé, tí mo ń yan lẹ́tà, tí mo sì ń jókòó ti ayàwòrán nígbà tí wọ́n bá ń ya oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọbẹ̀ ẹran inú ìgò rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn ṣe àmì, àwọ̀, lébẹ́ẹ̀lì, páálí tí wọn yóò máa kó ìgò sí, àti ìwé pélébé tí yóò kọ́ni bí a ṣe ń lo ọbẹ̀ náà.

Inú mi dùn sí i, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ tí mo fi ń ṣe ìwé yóò ṣeé fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì. Wọ́n tún fẹ́ kí àwòrán ara ìgò fi ègé ẹran ńláńlá hàn, bẹ́ẹ̀ ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n wá ní owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn máa san, àti pé gbogbo ohun tí mo bá yà, títí kan èyí tí wọn kò mú, tiwọn ni. Mi ò fẹ́ kọ iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìwé
Àbúrò mi, o kú oríire. Ọwọ́ rẹ á ṣe é, àmọ́ ẹni tí ò ń ṣe é fún ti yí padà. Ẹni tó ń lo ìwé ìdáná ti rà á ná. Ó dúró nídìí iná, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ìwé sì jìnnà sí ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jẹ́ kó máa ṣí ojú-ìwé láàárín ìdáná kan, tí a fi ń to èròjà bí wọ́n ṣe ń wọ ìkòkò tẹ̀ léra, tí a sì fi ń bẹ ilé ìtẹ̀wé pé kí wọ́n rán ìwé náà kó lè là sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ti ìgò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ kò tíì ra nǹkan kan, ó ń kọjá lọ ni, ìgò àwọn ẹlòmíràn sì wà lọ́tùn-ún lósì.

Má fi ojú kọ̀ǹpútà dá a lẹ́jọ́. Tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe máa tóbi gan-an, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, gbé e sáàárín àwọn ìgò mìíràn, kí o wá lọ dúró lókèèrè. Ìgò róbótó ni, ojú kì í sì í rí tó ìdajì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí lébẹ́ẹ̀lì tó rẹwà gan-an lórí bébà, àmọ́ nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ẹni tó dúró níwájú ò rí ju àárín orúkọ ọjà náà lọ. Jẹ́ kí orúkọ, àwòrán àti irú ọbẹ̀ tó jẹ́ wà nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àyíká ìgò.

Ṣé ọjà tuntun ni, àbí àwọn èèyàn ti ń rà á tẹ́lẹ̀?

Ọlọ́wọ́ Ọnà
Wọ́n ti ń rà á, mà. Ọ̀gá wọn ló ní kí n pa gbogbo ti àtijọ́ rẹ́.

Ìyá Ìwé
Kọ́kọ́ wádìí ohun tí àwọn oníbàárà fi ń dá ìgò náà mọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, Tropicana, ilé-iṣẹ́ tó ń ta omi ọsàn, yọ ọsàn tí wọ́n ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ kúrò lójú páálí wọn ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ife omi ọsàn rọ́pò rẹ̀. Ọjà náà já wálẹ̀ ní nǹkan bí 20% kí oṣù méjì tó pé, ni wọ́n bá dá ti àtijọ́ padà. Páálí tuntun yẹn mọ́ tónítóní o. Àwọn tó ń rà á ni kò rí ohun tí ojú wọn ń wá. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ìdérí ni àwọn oníbàárà fi ń mọ ìgò tìrẹ, fi àwọ̀ yẹn sílẹ̀, kí o sọ ìyókù di tuntun.

Ojú Kámẹ́rà
Ọ̀rọ̀ ẹran yẹn ló kàn mí, nítorí oúnjẹ ni mò ń yà. Ní 1970, Federal Trade Commission, àjọ tó ń bójú tó òwò ní Amẹ́ríkà, mú Campbell Soup, ilé-iṣẹ́ ọlọ́bẹ̀ inú agolo, lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìpolówó wọn, bọ́ọ̀lù gíláàsì wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ abọ́, tó ń ti ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ sókè kó lè hàn. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọ́ yẹn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ó mú kí ẹni tó ń wò ó rò pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ ṣí ìgò kan, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ ya ohun tó bá jáde. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn wọlé, ọbẹ̀ á dán fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì ti mú àwòrán ojú lébẹ́ẹ̀lì dání lọ síbi ìyàwòrán, kí ayàwòrán lè fi àyè sílẹ̀ níbi tí orúkọ máa wà. Àwòrán tó kún dẹ́nu, tí wọ́n wá ń wá ibi tí wọn á gbé lẹ́tà sí, máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Alábòójútó Lébẹ́ẹ̀lì
Òfin ti dá sí ọ̀rọ̀ ẹran náà. Ẹ wo òfin ibi tí wọ́n ti máa tà á. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin 1169/2011 sọ pé bí ẹ bá fi àwòrán gbé èròjà kan lárugẹ lára ọjà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Tí ẹran bá gba ojú ìgò kan, ẹ ó kọ iye ẹran sí i. Ẹ bi ọ̀gá wọn bóyá nọ́ńbà yẹn máa wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà.

Wọn ò sì lè sọ pé àwọn ti kọ òótọ́ sí ẹ̀yìn. Teekanne ní Jámánì ya raspberry àti òdòdó fànílà sí ara páálí tíì tí kò ní ìkankan nínú wọn. Ìwé èròjà ẹ̀yìn rẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ Ilé-ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Yúróòpù sọ ní oṣù kẹfà 2015 pé lébẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ṣì lè ṣi oníbàárà lọ́nà.

Fún ìwọ̀n lẹ́tà: òfin yẹn kan náà ní kí gíga lẹ́tà “x” kékeré má dín sí 1.2 mm nínú ọ̀rọ̀ tó pọn dandan, tàbí 0.9 mm bí ojú tó fẹ̀ jù lára ọjà kò bá tó 80 cm². Ohun 14 tí ara àwọn kan kì í gbà gbọ́dọ̀ hàn kedere láàárín èròjà yòókù. Ní Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án ni. Yánmọtí ló di ìkẹsàn-án ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023. Ẹ gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó ya ìlà kan, torí ibi tí wọ́n máa gbà kì í kéré.

Òǹtẹ̀wé
Ní tiwa níbi ẹ̀rọ: CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ni kí ẹ lò, àwòrán 300 dpi (iye àmì tóótòòtó nínú íńṣì kan), kí àwọ̀ sì fi 3 mm kọjá ojú ìlà gígé. Lẹ́tà wẹ́wẹ́, yíǹkì dúdú nìkan. Bí ẹ bá pò ó pọ̀ mọ́ àwọn àwọ̀ tó kù, á rí bàìbàì. Bébà tí kò dán máa ń mu yíǹkì, ọbẹ̀ pupa á sì ṣókùnkùn lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tẹ àpẹẹrẹ sórí bébà tí wọn máa lò gan-an.

Barcode, àwọn ìlà tí ẹ̀rọ ìsanwó ń kà, ni àwọn dìsáìnà ìwé kì í sábà fura sí, nítorí ẹ̀yìn ìwé pẹrẹsẹ ni. EAN-13, irú barcode tó ní nọ́ńbà mẹ́tàlá, jẹ́ 37.29 mm ní fífẹ̀ àti 25.93 mm ní gíga, kò sì gbọdọ̀ kéré ju 80% ìyẹn lọ. Ẹ má fi àwọ̀ pupa ṣe ìlà rẹ̀. Iná pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìsanwó ń lò, wọn ò ní rí i. Lára ìgò tín-ínrín, ẹ yí i kí àwọn ìlà náà dùbúlẹ̀ bí igi àkàbà, kí ibi tó ká má bàa gé wọn kù.

Ọlọ́wọ́ Ọnà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn rí. Màá gbé e síwájú wọn bó ṣe wà. Ti owó àti ẹ̀tọ́ ńkọ́?

Jẹ́jẹ́
Èmi ò ní bá wọn jà níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ gba owó, ẹ ṣe é dáadáa, ẹ ó sọ tẹnu yín nígbà tí èkejì bá dé.

Ọ̀gá Àmì
Mi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ohun tí ẹ bá gbà níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n á tún gbé wá níbi èkejì. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo agbára jà lórí àmì ilé-iṣẹ́. Wọ́n nílò ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tún àmì ẹnìkan tà fún ẹlòmíràn. Ẹ gbé e fún wọn, kí owó rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí ni àwòrán ọwọ́ yín, àti àwọn tí wọn kò mú. Ẹ kọ ọ́ pé tiyín ni ohun tí wọn kò mú. Fún àwòrán ọwọ́, ẹ kọ ibi tí wọ́n lè lò ó àti fún ọdún mélòó. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e bọ́ sí ìpolówó tàbí ọjà mìíràn, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ò lè ta ẹ̀tọ́ ayàwòrán, tirẹ̀ ni, àfi tó bá fi ọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí ẹ lò náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó ra ti wọn.

Ẹ pín owó náà: apá kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, apá kan nígbà tí wọ́n bá yan ọ̀kan, ìyókù kí fáìlì ìtẹ̀wé tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ iye ìgbà tí àtúnṣe máa wáyé, àti ohun tí wọ́n máa san bí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró láàárín. Kí àdéhùn náà sì sọ pé ẹ lè fi iṣẹ́ náà hàn lórúkọ yín tí ọjà bá ti jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe iṣẹ́ tó dára tí a kò lè fi han ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́wọ́ Ọnà
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Lọ́la ni màá fi àdéhùn tuntun ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú ìbéèrè nípa iye ẹran.