Ìgbà wo ló yẹ ká gbé ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì jáde l'Àbújá, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, tí ìrìn àjò sílé náà sì ń bọ̀?

Ìyá Tolú, Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ọdún 2026 yìí. Fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fàrándà wa sì kọjú sí títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Àwọn ilé ìtajà ńlá kì í dúró di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó gbé tiwọn síta, àwọn ọmọ kò sì yé béèrè ìgbà tí tiwa máa jáde. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá la ó gbéra lọ sí Adó-Èkìtì, ọjọ́ 3 oṣù Kìíní la ó padà.

Bí a bá tètè gbé e jáde, eruku á bò ó. Bí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an, a ti lọ. Àwọn àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa (Áńgílíkà ni wá) tún ń sọ pé kò yẹ kí igi wọlé ṣáájú ọjọ́ 24. Ohun tí a ní nílẹ̀: igi oníke ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, okùn iná mẹ́ta tó ti pẹ́, ínfátà kan pẹ̀lú bátìrì 12V 200Ah kan. Ọjọ́ wo ni kí a mú, báwo ni kí a sì ṣe é?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Garki

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Tolú. Àwọn àgbà yín kò ṣìnà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn dè. Nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, Àdífẹ́ǹtì ló ṣáájú Kérésìmesì. Ìgbà ìmúrasílẹ̀ ni, àjọyọ̀ kò tíì dé. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá sún mọ́ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, tí kì í sì í kọjá ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ní 2026, ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ni. Àjọyọ̀ Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, ó sì ń lọ títí Epifánì fi dé ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, tí a ń rántí àwọn amòye tó ti ìlà-oòrùn wá.

Ohun tí ẹ lè gbé jáde ní ọjọ́ 29 yẹn láìsí àríyànjiyàn kankan ni òrùka Àdífẹ́ǹtì: ewé tí a ká roboto, pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́rin, mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò, ọ̀kan aláwọ̀ píǹkì. Ẹ tan ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ fi píǹkì kún un ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó bá ìbéèrè àwọn ọmọ yín mu gan-an, torí ohun tó bí i nìyẹn: ní 1839, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni kan tó ń jẹ́ Johann Hinrich Wichern ló to àbẹ́là sórí àgbá kẹ̀kẹ́ onígi fún àwọn ọmọ tó ń tọ́jú, kí wọ́n lè máa fojú ara wọn ka iye ọjọ́ tó kù.

Bí ẹ bá ní àwọn ère ibùjẹ ẹran, ẹ lè tò wọ́n láti ìgbà yẹn náà, àmọ́ ẹ fi ibi tí Jésù ọmọ-ọwọ́ máa sùn sí sílẹ̀ lófìfo. Ẹ gbé ère ọmọ-ọwọ́ náà dání lọ sí Adó, kí àwọn ọmọ tẹ́ ẹ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 24.

Ní ti igi, mi ò ní fọwọ́ sí oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ìjọ kankan tó ka igi léèwọ̀ nínú ilé ẹni nígbà Àdífẹ́ǹtì, ẹni tó ń lọ ní ọjọ́ 19 kò sì lè dúró de ọjọ́ 24.

Àdùkẹ́ Ọlọ́ṣọ̀ọ́, Wuse

Olùkọ́ ti sọ ti ìjọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọyẹ́, torí òun gan-an ló ń pàṣẹ níhìn-ín. Eruku tó ń bá a wá, láti Sàhárà ni, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ló sì ń gbà wọlé. Ó sábà máa ń yọjú l'Àbújá ní ìparí oṣù Kọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ á wá le ní ìparí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Nítorí náà, Sátidé ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ni kí ẹ gbé igi jáde. Ẹ ó ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láti fi gbádùn rẹ̀ kí ẹ tó lọ, eruku kò sì ní tíì rí i bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, inú ìnùlẹ̀ àti ìnugi ló máa lo gbogbo àsìkò náà.

Ewé ike àti ọ̀ṣọ́ tó ń dán yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ máa ń fa eruku mọ́ra ju àga àti tábìlì lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ike á gba iná sára, bí aṣọ pólísítà tó ń ta pátápátá nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́ ọyẹ́, iná ara yẹn ló ń fa eruku. Ẹ má fi omi nù ún, ẹrẹ̀ ló máa dà. Búrọ́ọ̀ṣì àwọn akunlé tó fẹ̀ tó íǹṣì méjì, tuntun, tó gbẹ, ni kí ẹ fi gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yọ iná rẹ̀. Igi náà kò gbọ́dọ̀ wà níwájú fèrèsé tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, bí nẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ wà níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ń dá ẹ̀fọn dúró, kò lè dá eruku ọyẹ́ dúró.

Bí ẹ ṣe máa to igi náà nìyí. Ẹ to ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kí ẹ sì fún ìdè rẹ̀ le kí ẹ tó gbé igi wọ inú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ tí ìdè rẹ̀ dẹ̀ ló ń mú igi wó lu ọmọ. Ẹ̀ka tó ti pẹ́ nínú páálí á ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ òpó àárín wá síta, kí ẹ ya ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, ọ̀kan sókè. Igi ẹsẹ̀ mẹ́fà lè gbà tó wákàtí kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú nìyí, ìdí nìyẹn tí òpó àárín fi ń hàn kedere lára igi wọn.

Iná ló kàn. Ìdí igi, níbi tí púlọ́ọ̀gì wà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yí i gòkè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè láìwo ìdí okùn, púlọ́ọ̀gì á bá a lókè. Okùn mẹ́ta onígúlóòbù 100 tó fún ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ki díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ òpó, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wá láti inú. Lẹ́yìn iná ni ríbọ́ọ̀nù, kí àwọn bọ́ọ̀lù ńlá wọ inú, kí kékeré wà létí ẹ̀ka. Bọ́ọ̀lù 60 sí 80 ti tó. Ìràwọ̀ ló ń kẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ nǹkan mọ́ ògiri. Lórí eruku, kò ní lẹ̀. Bí ó bá sì lẹ̀, ọ̀dà ògiri ló máa bá a ṣí kúrò, lánlọ́ọ̀dù á sì bi yín. Ẹ so ó mọ́ irin ojú fèrèsé àti ọ̀pá kọ́tìnnì. Bàlúùnù kò wúlò lọ́yẹ́ rárá, ó ń bẹ́ kí ọjọ́ tó pé.

Bàbá Wáyà, Nyanya

Okùn iná mẹ́ta tó ti pẹ́ yẹn ló kàn mí, Ìyá Tolú. Kí ẹ tó gbé wọn sórí igi, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí táìlì, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ tàn wọ́n fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Bí púlọ́ọ̀gì tàbí àpótí kékeré tó ń mú iná ṣẹ́jú bá gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ kó o dànù. Lẹ́yìn náà ẹ yọ iná, kí ẹ fi ìka tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí eku ti jẹ tàbí tí rọ́bà ti sán, ẹ má fi téèpù dì í. Wáyà náà tín-ín-rín jù fún àtúnṣe.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 110V tàbí 120V, tàwọn ará Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa jẹ́ 230V, á jó lójú ẹsẹ̀.

Bí gúlóòbù rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́, tó ń gbóná, ńṣe ni wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra, tí gbogbo wọn ń pín iná jẹ. Okùn onígúlóòbù 20, 11.5V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú 230V. Bí méjì bá kú tí iná ṣì ń kọjá lára wọn, àwọn 18 tó kù á máa gba nǹkan bí 12.8V. Àjẹjù yẹn ló ń pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí okùn á fi kú pátápátá. Ẹ pààrọ̀ gúlóòbù tó kú lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ má sọ pé ìyókù ṣì ń tàn.

Ní ti ínfátà: okùn àtijọ́ onígúlóòbù 100 ń jẹ tó 40W. Mẹ́ta jẹ́ 120W, láti aago mẹ́fà sí mọ́kànlá alẹ́ jẹ́ 600Wh (Wh ni iye W tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀). Bátìrì yín jẹ́ 2,400Wh lápapọ̀, àmọ́ bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí ti jẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀, 1,200Wh, ni kí ẹ lò kí ó má bàa tètè kú. Ọ̀ṣọ́ nìkan á ti jẹ ìdajì ohun tí ẹ ní, fáànù àti fíríìjì kò tíì débẹ̀. Okùn LED mẹ́ta, ní 6W ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 90Wh fún wákàtí márùn-ún kan náà. Ẹ ra LED.

Mo tún bẹ̀ yín lórí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó sábà máa ń bá okùn iná wá. Àwọn èèyàn á ki ìdérí bírò bọ ojú òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ìsàlẹ̀ lè ṣí, wọ́n á wá ti púlọ́ọ̀gì wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ méjì yẹn kò ní dì mú dáadáa, iná á máa ta pàràpàrà níbẹ̀, ike sọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó sì lè gbiná. Ẹ lo adápútà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíúsì. Bí fíúsì inú rẹ̀ bá jẹ́ 13A, ẹ fi 3A rọ́pò rẹ̀: wáyà tín-ín-rín á ti jóná tán kí 13A tó já. Bí ẹ bá sì lo wáyà ẹ́kísíténṣọ̀n, ẹ tú u ká gbogbo rẹ̀, torí èyí tí a ká jọ ń gbóná nínú.

Fún fàrándà, ẹ wo àmì IP lára páálí, òun ló ń sọ bí nǹkan ṣe lè dá eruku àti omi dúró tó. IP44 ń dá omi tó ta sí i dúró, kò lè dá eruku dúró. Níbi tí títì yín kò ní ọ̀dà yìí, IP65 ni kí ẹ bèèrè.

Ìyá Tolú, Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá. Ìbéèrè méjì ló kù. Ewé wo ni kí n fi ṣe òrùka Àdífẹ́ǹtì náà? Ṣé a sì lè fi táímà sára iná fàrándà nígbà tí a bá lọ, kí àwọn èèyàn lè rò pé ẹnì kan wà nílé?

Ará Jos

Ewé igi páìnì tó ń súfèé (whistling pine) dára, ẹ lè bá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ má gé igi tí ìjọba gbìn sójú títì. Ẹ ki ìdí ẹ̀ka náà bọ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di òwúrọ̀, kí ẹ wá fi wáyà tín-ín-rín dì í mọ́ hángà irin tí ẹ ti fà di roboto. Ọyẹ́ á gbẹ ẹ́, nítorí náà ẹ pààrọ̀ ewé ní gbogbo Sátidé. Ewé gbígbẹ lábẹ́ àbẹ́là léwu gan-an: ẹ gbé àbẹ́là kọ̀ọ̀kan sínú agolo kékeré tí ẹ rọ yanrìn sí, kí ọwọ́ iná ga ju ewé lọ dáadáa, kí ẹ sì pa á kí gbogbo yín tó kúrò ní pálọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé lè lo àbẹ́là oníbátìrì, òrùka náà ò ní bàjẹ́ nítorí ìyẹn.

Bàbá Wáyà, Nyanya

Rárá o, ẹ má fi táímà sí i. Táímà onírin tó ń yí máa ń dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ibi tó bá dúró sí ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ padà. Bí NEPA bá mú iná wákàtí mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aago táímà á fi wákàtí méjìdínlógún rẹ̀yìn, iná ọ̀ṣọ́ yín á wá máa tàn lọ́sàn-án gangan, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Iná tó bá dé pẹ̀lú agbára púpọ̀ lè jó o nígbà tí kò sí ẹni tó máa pa á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19, ẹ yọ gbogbo okùn ọ̀ṣọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gúlóòbù LED kan ṣoṣo tó ní ojú tó ń mọ òkùnkùn ni kí ẹ fi sí fàrándà.

Àdùkẹ́ Ọlọ́ṣọ̀ọ́, Wuse

Kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ náà, ẹ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo igi láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ má lo láílọ́ọ̀nù, yóò tún fa eruku sí i. Nígbà tí ẹ bá dé ní ọjọ́ 3, ẹ ká aṣọ náà jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí eruku tó wà lórí rẹ̀ má bàa dà sórí igi. Àwọn ọmọ á ṣì rí i títí di Epifánì. Bí ẹ bá ń tú u ní ọjọ́ 6, ẹ wé okùn iná kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí pẹlẹbẹ kí ó má bàa lọ́ pọ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára pé èyí ń tàn, èyí kò tàn. Ẹ má gbé wọn sí òkè àjà. Ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin ń mú rọ́bà wáyà gan, eku náà sì wà níbẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dára jù, nínú ike tó ní ìdérí.