Físíìsì ni ọmọ mi fẹ́ kà: Ọyẹ́, Adó, Àkúrẹ́ tàbí Ifẹ̀?

Ìyá Bọ́lá (Ìfàkì):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde. Ọmọ mi obìnrin ti wọ SS3, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, físíìsì ló sì gbà á lọ́kàn jù. Rédíò bàbá rẹ̀ dákẹ́ lọ́dún tó kọjá, òun ló tú u palẹ̀ tó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá náà ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni kó lọ kọ́, pé kí ni wọ́n ń fi físíìsì jẹ. N kò bá a jà, owó ló ń rò. Èlùbọ́ àti gààrí ni mo ń tà, agbára wa kò gbé ilé-ìwé aládàáni. Ti ìjọba là ń wò: FUOYE ní Ọyẹ́ tó wà nítòsí wa níbí, EKSU ní Adó, FUTA ní Àkúrẹ́, àti Ifẹ̀. Èwo ni kó fi ṣe àkọ́kọ́? Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ àbúrò mi jókòó sílé ní 2022 títí ó fi sú u.

Bùọ̀dá Tísà (Adó):
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé girama, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun létí mi. Ẹ fi orúkọ yunifásítì sílẹ̀ ná. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni JAMB yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan. Físíìsì àti kẹ́místrì kò níyọnu, ibi gbogbo ni wọ́n ti wúlò fún un. Ẹ̀kẹrin ni wàhálà: tó bá mú ìṣirò, ó lè gba físíìsì, kọ̀ǹpútà tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà, tó bá mú bàọ́lọ́jì, ọ̀nà dókítà àti nọ́ọ̀sì ló gbà yẹn. Kò lè mú méjèèjì lọ́dún kan náà. Nítorí náà, ìjíròrò ti ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí ẹ tó tẹsẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù.

WAEC yàtọ̀. Níbẹ̀, kó kọ bàọ́lọ́jì àti ìṣirò pọ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ní ti Ifẹ̀, ẹni tí kò bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́, wọn kì í wò ó. Máàkì JAMB tí kò bá sì tó 200 kò ní jẹ́ kó dé ibi ìdánwò wọn. Ìdá 50 nínú 100 ni wọ́n ń fún JAMB, 40 fún ìdánwò tiwọn, 10 fún èsì WAEC. Ọmọ tó bá gba 210 tó sì ń lálàá Ifẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ káalẹ́ mà. FUOYE ni mo wà, ẹnjiníà ni mo ń kà. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ tẹ́lẹ̀: Ìkọ̀lé ni wọ́n ti ń kọ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ àgbẹ̀, Ọyẹ́ ni sáyẹ́ǹsì wà. Tó bá jẹ́ físíìsì lásán, ọmọ yín lè máa ti Ìfàkì lọ sí Ọyẹ́ lóòótọ́, owó yàrá á sì dín kù. Ṣùgbọ́n tó bá wá kan ẹnjiníà, ẹ múra sílẹ̀ láti gba yàrá fún un ní Ìkọ̀lé. Kí n má purọ́, èmi kò fẹ́ kó máa ti ilé lọ ní ọdún kìíní rárá. Ìwé òru ló ń gbé ọdún kìíní, ẹni tó bá sì ń sá wọ mọ́tò ní agogo mẹ́rin kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yanjú ìṣirò.

Ìyá Adó Tòótọ́:
Kí ló dé tí ẹ̀ ń rìn jìnnà bẹ́ẹ̀? EKSU kò ha ń bẹ? Láti 1982 ni ilé-ìwé náà ti wà, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ gan-an. FUOYE, 2011 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ulé ẹni là á ti jẹ èkúté onídodo! Bó bá sì jẹ́ tísà físíìsì ló fẹ́ dà, BOUESTI wà ní Ìkẹ́rẹ́, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di yunifásítì ní 2020.

Onílábù:
Ìyá Adó, ọjọ́ orí ilé-ìwé kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti wọ lábù ilé-ìwé àgbà kan tí eruku bo ẹ̀rọ ibẹ̀, mo sì ti wọ ti kékeré kan tí gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Màmá, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì: ṣé ọwọ́ yín ń kan ẹ̀rọ, àbí ẹ kàn ń wò ó láti ẹ̀yìn ogún èèyàn? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi wọ́n nípa àṣẹ NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, lórí kọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Àṣẹ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ máa ń lo ọdún 5, ti onígbà díẹ̀ ọdún 2. Tó bá jẹ́ ẹnjiníà, COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, náà gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìforúkọsílẹ̀ máa nira lẹ́yìn tó bá jáde.

Ará Ifẹ̀:
Ẹni tó bá fẹ́ràn físíìsì dé ìdí, Ifẹ̀ ni tèmi, mo sì mọ̀ pé mò ń gbè sẹ́yìn ilé-ìwé mi 😄. Ibùdó ìwádìí agbára CERD wà nínú ọgbà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mú èérún átọ́ọ̀mù sáré. Ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfuurufú tó wà fún ilẹ̀ Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ka físíìsì tún ní Engineering Physics, tí bàbá rẹ̀ lè gbọ́ "engineering" nínú rẹ̀ kí ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ sọ fún bàbá náà pé wọ́n ń fi físíìsì jẹun o. Orí àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì jókòó lé. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ bóhòólù tí kò kọ́kọ́ pe àwọn tó ń fi iná mànàmáná wọn abẹ́ ilẹ̀, ó lè gbẹ́ kó má rí omi, owó sì ti lọ. Físíìsì ilẹ̀ nìyẹn, FUTA ń kọ́ ọ, FUOYE náà ń kọ́ ọ. FUTA tún ní ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́, ẹ wo iṣẹ́ ní NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, àti ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn oníṣẹ́ físíìsì sì wà ní ọsibítù ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ.

Àgbà Ọ̀rìn:
Ẹ fi kún un pé ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ìfàkì yín, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olúbùmmọ̀, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò, ní Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ìyá Ìbejì (Ìdó):
Nọ́ọ̀sì ni mí o, Bàbá, ẹ rọra 😂. Màmá Bọ́lá, ní ti ìyanṣẹ́lódì, 14 February 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ èyí tó kẹ́yìn yẹn, 14 October ni wọ́n dá a dúró. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣèlérí fún yín pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ má fi yan ilé-ìwé. Owó ni kí ẹ rò. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lówó láìsí èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúùlú ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti rí ààyè wọ ilé-ìwé kó tó lè béèrè, nítorí náà ẹ ṣètò owó ìwọlé àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ìyá Bọ́lá (Ìfàkì):
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní ṣìnà. Mo pè é jókòó lálẹ́ àná, ó ní ìṣirò ni òun yóò mú, pé òun kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ bóhòólù fún un, ó ní èló ni wọ́n ń gbà láti wọn ilẹ̀. Bùọ̀dá Tísà, tí máàkì ìdánwò àṣedánwò rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bíi 240, Ifẹ̀ ni àbí Àkúrẹ́?

Bùọ̀dá Tísà (Adó):
240 tó láti fi Ifẹ̀ dánwò fún físíìsì, tó bá múra fún ìdánwò wọn. Tí kò bá ju 200 lọ títí ìgbà ìforúkọsílẹ̀, ẹ fi Ọyẹ́ ṣe àkọ́kọ́, kó má bàa fi ọdún kan jókòó. Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí Ifẹ̀ kà sí tirẹ̀, ìdá 35 nínú 100 ààyè ló wà fún irú wọn, lẹ́yìn 45 tí wọ́n fún àwọn tó gba máàkì tó ga jù. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ mú NIN rẹ̀ jáde, kí orúkọ orí rẹ̀ àti èyí tó fẹ́ lò fún WAEC bára mu, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹ kọ NIN, ẹ fi àlàfo sí i, ẹ kọ nọ́ńbà náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019, nọ́ńbà JAMB, láti orí fóònù tirẹ̀, kì í ṣe tiyín.