Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ omi ni, kì í ṣe "àkójọ kòkòrò"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà ń túmọ̀ ìwé ìlànà bọ́ílà onígi sí Yorùbá, wọ́n sì ní kí a bá àwọn wá ọ̀rọ̀ fún "biofilm", ohun yíyọ̀ tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe, tí ìwé náà ní kí a dènà nínú omi bọ́ílà. Ẹnì kan dábàá "àkójọ kòkòrò àìfojúrí". Ẹlòmíràn ní "iyọ̀ omi", torí pé ó máa ń yọ̀. Mo ka ìyẹn sétí ìyàwó mi, ó ní ṣé omi òkun ni wọ́n ń sè ni.

Ìbàdàn níbí, a kì í dáná igi kí ilé lè móoru, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìta ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Ààrò wà láàárín, omi yí i ká nínú irin. Igi ń jó, omi ń gbóná, páǹpù ń tì í gba inú páìpù wọlé, ó tún ń padà wá. Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láti oṣù dé oṣù. Bó bá ti gbóná ju 60°C lọ, ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í ráàyè. Àmọ́ bí ìgbà ooru bá dé, wọn a pa iná, omi a di adágún. Láàárín 20°C sí 45°C ni ara ti ń tu ọ̀pọ̀ nínú wọn.

"Àkójọ" yìí ni mo bá jà. Ohun tí a bá kó jọ, a lè tú u ká. Kòkòrò wọ̀nyí kò wá sípàdé. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ara irin ni, wọ́n fi nǹkan tó ń yọ̀ bora, wọ́n ń gbé abẹ́ rẹ̀. Da oògùn sómi, èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri á kú. Èyí tó wà lábẹ́ ìbora rẹ̀ lè má mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ṣe gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí irin á sì máa dá ihò wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ka "àkójọ" á da oògùn sí i, á lọ sùn.

Ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá Ọjà Ọba mọ àmù. Bí inú àmù bá ti ń yọ̀, ìyá àgbà wa kì í tíì mú álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò. Kànrìnkàn ni wọ́n máa ń béèrè: "Ẹ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kúrò ná." Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ omi ni mo dábàá. Ẹ máa ní àyà ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ń wá, pé ó ń kóni nírìíra. Ìríra yẹn gan-an ni mo fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tún pe gbogbo ohun tí wọ́n ń dà sínú omi ní "oògùn". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wọ́n. Èyí tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, tí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní náítíráìtì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ pè é ní "ẹ̀ṣọ́ irin". Oúnjẹ ni náítíráìtì jẹ́ fún irú kòkòrò kan. Bó bá ń dínkù ṣáá, tí omi ò sì jò, ẹni tó ń bù kún un lè máa bọ́ wọn ni. Èyí tó ń pa wọ́n ló yẹ kó jẹ́ oògùn. (Kí ẹnikẹ́ni má sì sá lọ mú bílíìṣì: ó ń ba irin jẹ́, ó sì ń bá náítíráìtì jà.)

Ní ti bọ́ílà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dábàá "agbómigbóná" kú làálàá, àmọ́ kẹ́tùlù ni yóò wá sọ́kàn ìyá mi.

Ó ku ibi tí ẹ̀gbọ́n kọ "fọ̀ ọ́ jáde" fún fífi omi fọ inú bọ́ílà àti páìpù. Ṣé kì í ṣe "ṣàn án" ló yẹ, bí a ṣe ń ṣan abọ́ lẹ́yìn ọṣẹ?