Ìmọ̀ràn lórí nínà ara fún ẹni tó ń kọ ebè

Ọmọ Olósùnta: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni, ẹni ọdún 58, àgbẹ̀ iṣu ní Ìkéré. Tí wọ́n bá ti kọ ebè tán, ìdí àti ẹ̀yìn itan wọn á le bí igi. Nínà ara wo lẹ lè júwe fún wọn?

Físíò Adó: Ẹ̀yìn itan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí wọ́n fi táwẹ̀lì kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan, kí wọ́n rọra fà á sókè. Orúnkún lè ká díẹ̀, kò sí wàhálà. Ìdí ni kò gbọdọ̀ gbéra nílẹ̀. Níbi tó bá ti ń fà tí kò tíì di ìrora, kí wọ́n dúró síbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa mí o! Ẹni tó bá sé èémí, ara rẹ̀ kò ní dẹ̀.

Kóòṣì Ìjerò: Ó tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe láàárọ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ́. Iṣan tó tutù kì í gbà. Fífà tó bá sì kọjá ìṣẹ́jú kan máa ń dín agbára iṣan kù fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀, kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí wọ́n máa ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ tí ara ṣì gbóná ni ti táwẹ̀lì. Kí wọ́n má sì máa já a gbà o. Iṣan ní ẹ̀ṣọ́ nínú: tẹ́ ẹ bá fà á lójijì, ńṣe ló máa fún padà.

Ìyá Ọ̀yẹ́: Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ńkọ́? Ilẹ̀ olókè ni tiwa. Kí wọ́n fọwọ́ ti ògiri, ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ tẹ̀yìn má gbéra. Kí wọ́n kọ́kọ́ na orúnkún tẹ̀yìn gbọnrangandan, lẹ́yìn náà kí wọ́n ká a díẹ̀. Iṣan méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó wà nínú kì í gbọ́ àfi tí orúnkún bá ká. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ti yà síta, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Olósùnta: Ẹ ṣé gan-an. Ìgbà wo ni wọ́n máa rí ìyàtọ̀? Táwẹ̀lì ilé ò sì gùn.

Físíò Adó: Gèlè ìyá á ṣe é. Ó kéré tán ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé iṣan tètè gùn, fífà náà ló ń mọ́ wọn lára. Tí wọ́n bá pa á tì, á padà síbi tó wà. Ti ara ríro ọjọ́ kejì iṣẹ́, nínà ara ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń ta láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n lọ rí físíò, ìyẹn oníṣègùn iṣan àti eegun, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì.