Ẹ̀yìn YZ450F supermoto ń fò bí mo bá ń wọ kọ́nà: ọwọ́ mi ni àbí máṣíìnì?

AríKọ́nàYọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Alùpùpù ìdọ̀tí Yamaha YZ450F ọdún 2011 ni mo ní, wọ́n ti sọ ọ́ di supermoto, ìyẹn alùpùpù ìdọ̀tí tí a fi ń sáré lórí ọ̀dà. Wọ́n ti yọ wíìlì ìdọ̀tí kúrò, rímù ínṣì 17 ló wà níwájú àti lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn fẹ̀ tó ínṣì 5, táyà slick (tí kò ní ìlà lójú) 160/60 ló wà lórí rẹ̀. Díísìkì iwájú jẹ́ mílímítà 320, kálípà rẹ̀ ní písítìnì mẹ́rin. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì yí padà: eyín 13 níwájú, 48 lẹ́yìn. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe slipper clutch, èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ díẹ̀ bí táyà bá fẹ́ máa yí ẹ́ńjìnnì. Tíráàkì go-kart níbí ní England ni mo ń gùn ún, ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀.

Bí mo bá ń bọ̀ lórí jíà 4 tí mo já a wá sí 2 kí ẹ̀yìn lè yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọ kọ́nà, kì í yọ̀. Ńṣe ló ń fò, tí máṣíìnì sì ń gbọ̀n lábẹ́ mi títí mo fi ń kọjá ibi tó yẹ kí n ti yà. Mo ti dín géèjì (afẹ́fẹ́) táyà ẹ̀yìn kù láti 26 psi sí 22, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra slipper clutch, ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀kì ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

BàbáSípánà:

Àbúrò, má tíì náwó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fò àti ìdí tó fi ń fò.

Bí o bá fún bíréèkì iwájú, ìwúwo máṣíìnì á rọ́ lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Àsìkò yẹn gan-an lo wá já jíà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 450 onísílíńdà kan máa ń fa táyà sẹ́yìn gan-an bí o bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí iná (throttle), nítorí náà táyà á máa yí lọ́ra ju ilẹ̀ tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ. Á di ilẹ̀ mú, á já, á tún dì í mú. Ṣéènì á fà, á dẹ̀, ṣọ́ọ̀kì náà á rọ̀, á ta padà. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun lò ń pè ní fífò yẹn. Táyà tó ń yọ̀ ń yí lọ́ra láìdúró, ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kò sì lọ sókè lọ sódò. Ohun tí a ń wá nìyẹn.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. 13/48 jẹ́ ti wíìlì 19 tó wà fún ìdọ̀tí. Táyà 120/80-19 ga tó nǹkan bíi mílímítà 675 láti ilẹ̀ dé orí. 160/60-17 tìrẹ kò ju bíi 624 lọ. Ó ti kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 7.5 nínú 100. Ìyẹn ni pé bí o bá ń sáré bákan náà, ẹ́ńjìnnì rẹ ń yí ju bó ṣe yẹ lọ nínú gbogbo jíà, tí o bá sì já a sí 2, ìfàsẹ́yìn rẹ̀ á le sí i. Fi eyín 14 síwájú, kí 48 dúró lẹ́yìn. 48 pín sí 13 jẹ́ 3.69, 48 pín sí 14 jẹ́ 3.43. Tí o bá ṣírò kíkéré táyà mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ kí o padà sí ibi tí máṣíìnì wà gẹ́lẹ́ nígbà tó wà lórí wíìlì 19. Kí o tó dì í, wò ó bóyá ṣéènì kò fara kan ara ẹ́ńjìnnì àti ike tó bò ó, nítorí eyín 14 fẹ̀ ju 13 lọ.

Èkejì ni sìlóò, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ọwọ́ kò sí lórí iná rárá. Gbé e sókè ní 200 sí 400 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ju ohun tí ìwé máṣíìnì sọ lọ. Nóòbù tí a ń fà bí ẹ́ńjìnnì bá tutù náà la ń yí láti fi ṣe é lórí YZ tìrẹ. Sìlóò tó ga díẹ̀ á dín ìfàsẹ́yìn kù, ẹ́ńjìnnì kò sì ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín kọ́nà. Má gbé e kọjá ibẹ̀ o. Bó bá pọ̀ jù, máṣíìnì á máa tì ọ́ lọ níbi tí o ti fẹ́ dúró.

Ẹ̀kẹta, wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Orí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ṣí tó nǹkan bíi mílímítà 10 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Bí wáyà bá le jù, pẹ́lẹ́ẹ̀tì kò ní dì tán. Bó bá dẹ̀ jù, o kò ní mọ ibi tó ti ń mú. Kílọ́ọ̀ṣì tí o kò mọ ibi tó ti ń mú kò ṣeé fi yọ̀ wọ kọ́nà.

Ẹsẹ̀Òsì_Síwájú:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà pé kó pààrọ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọwọ́ òsì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

AríKọ́nàYọ̀, ṣé o ń já láti 4 sí 2 lẹ́ẹ̀kan náà, tí o sì ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè gbà ọ́ sílẹ̀. Ṣe é báyìí:

Nígbà tí máṣíìnì ṣì dúró ṣánṣán, fún bíréèkì iwájú. Fi ìka méjì fún un díẹ̀díẹ̀ títí fọ́ọ̀kì á fi rọ̀, ìgbà yẹn ni kí o tó wá fún un dáadáa. Bí o bá já a mọ́ ọn lójijì, ẹ̀yìn á fò sókè kí o tó já jíà rárá. Já 4 sí 3, tú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tó ti ń mú, kí ẹ́ńjìnnì bá táyà dọ́gba. Lẹ́yìn náà já 3 sí 2, ṣùgbọ́n má tú ìka méjèèjì sílẹ̀. Dá kílọ́ọ̀ṣì dúró sí ibi tó ti ń mú díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fa táyà láìdì í pa. Bí o bá gbọ́ tí ẹ̀yìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, fa kílọ́ọ̀ṣì wọlé díẹ̀, ìwọ̀n ìbú ìka kan, yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀yìn bá ti tò padà sẹ́yìn iwájú, tí o sì ti fẹ́ fún un níná, ni kí o tó tú kílọ́ọ̀ṣì tán.

Kì í ṣe bíréèkì ni yóò mú ẹ̀yìn yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí rẹ ni. Jókòó síwájú, súnmọ́ táńkì, gbé ìgbọ̀nwọ́ tó wà lódìkejì kọ́nà sókè, kí o sì tẹ pẹ́dà ẹsẹ̀ òde mọ́lẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ìhà kọ́nà kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí máṣíìnì bá dúró ṣánṣán tí táyà ń fà, fífò ló kù fún un. Ẹsẹ̀ inú kí ó jáde síwájú, kí àtàǹpàkò dojú kọ ibi tó ń lọ. Ẹsẹ̀ tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀ máa ń gbá mú.

Má fi tíráàkì tó kún fún èèyàn kọ́ ọ. Wá ibi gbalasa tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti jíà 3 sí 2 ní bíi 60 kílómítà ní wákàtí kan, táyà kí ó ti gbóná.

BàbáSípánà:

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn tí o gbójú fò. Bí a bá fi ẹsẹ̀ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó já jíà, á rọ ẹ̀yìn máṣíìnì sílẹ̀ díẹ̀, ṣéènì á sì fà ní ẹ̀gbẹ́ kan láìta síwá sẹ́yìn. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Bí táyà bá dì, ẹ́ńjìnnì á kú.

OníṢéènì:

Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ti ọwọ́ àti ti jíà. Mo fẹ́ fi ti ṣéènì àti ṣọ́ọ̀kì kún un, nítorí bí ṣéènì bá le jù, gbogbo ìyókù á di asán.

Bí wọ́n bá ti gé ṣọ́ọ̀kì kúrú fún supermoto, iye tí ìwé YZ sọ nípa dídẹ̀ ṣéènì kò wúlò mọ́. Gbé máṣíìnì sórí ìdúró, tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí o wá gbé táyà ẹ̀yìn sókè títí àárín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ibi tí apá ẹ̀yìn ti ń mì, àti ásùlù ẹ̀yìn fi máa wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti máa ń le jù lọ. Níbẹ̀, ó ṣì gbọ́dọ̀ mì ní mílímítà 10 sí 15 láàárín. Dá ṣọ́ọ̀kì padà, wọn bí ṣéènì ṣe dẹ̀ lórí ìdúró, kọ iye náà sílẹ̀. Òun ni iye tìrẹ. Di nọ́ọ̀tì ásùlù ẹ̀yìn dé 125 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dì í).

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, kọ́kọ́ wo bí máṣíìnì ṣe rọ̀ nígbà tí o bá gùn ún pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìgùn. Kí ó rọ̀ ní bíi ìdá 30 nínú 100 gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà ló tó kan rebound, ìyẹn bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń yára ta padà. Di síkúrù rẹ̀ tán, máa ka iye ìgbà tó ń ta kẹ́, kọ iye tó wà níbẹ̀ kí o tó yí ohunkóhun. Bí ẹ̀yìn bá ń gbọ̀n wéréwéré lórí ilẹ̀ bí o bá ń fi bíréèkì, rebound ti lọ́ra jù. Táyà kò lè sọ̀ kalẹ̀ kíákíá tẹ̀lé ilẹ̀. Ṣí i ní kẹ́ 2. Bó bá ń fò gíga, tó ń ta ọ́ sókè lórí àga, ó ti yára jù, dì í ní kẹ́ 2. Má yí ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Wo iwájú náà. Sípíríǹgì fọ́ọ̀kì tó rọ̀ jù fún díísìkì 320 á jẹ́ kí imú máṣíìnì rì, ẹ̀yìn á sì dúró lófuurufú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá ẹ̀yìn jà nígbà tó jẹ́ pé iwájú ló yẹ kí wọ́n dì.

Ní ti géèjì, kì í ṣe nǹkan tí a ń wọ̀n nígbà tí táyà tutù. Fi aṣọ iná tí a ń wé mọ́ táyà mú un gbóná dé 80°C, kí o wọn ọ́n lójú ẹsẹ̀ tí o bá jáde nínú tíráàkì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ní iye tirẹ̀, òun ni kí o tẹ̀ lé. Slick supermoto sábà máa ń wà láàárín 20 sí 25 psi. Mo fura pé 22 tìrẹ lórí táyà tútù ń di 26 padà bó bá gbóná.

AríKọ́nàYọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Lẹ́ẹ̀kan náà ni mò ń já 4 sí 2, mo sì ń tú kílọ́ọ̀ṣì tán, ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Òsì, bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni. Màá ra 14. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé slipper clutch ṣì wúlò lẹ́yìn gbogbo èyí? Kí ni fífi kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ yóò sì bà jẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì?

BàbáSípánà:

Ó wúlò. Husqvarna FS 450 àti KTM 450 SMR máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú slipper clutch tí ilé iṣẹ́ Suter ṣe. Inú rẹ̀ ní ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí táyà bá fẹ́ máa yí ẹ́ńjìnnì, ojú yẹn á gun ara wọn, á sì ṣí pẹ́lẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Sípíríǹgì la fi ń pinnu ìgbà tó máa ṣí. Àmọ́ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é, nítorí o kò ní lè tò ó bí o kò bá mọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe.

Ní ti ìbàjẹ́: epo kan náà ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì YZ ń lò, kò sì ju bíi lítà kan lọ. Eruku pẹ́lẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sínú rẹ̀. Yí i padà ní bíi wákàtí 5 lórí tíráàkì, kí o sì lo èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì epo tó bá kílọ́ọ̀ṣì inú epo mu. Epo mọ́tò tó ní èròjà ìyọ̀ á jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ níbi tí o kò fẹ́. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì irin tó bá ti di aláwọ̀ búlúù ti jóná, yọ ọ́ kúrò.

Fáàfù ṣe pàtàkì jù. Bí o bá já jíà nígbà tí eré ṣì pọ̀, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì kọjá ààlà, ohun tó ń gé iná ẹ́ńjìnnì bó bá yí jù kò sì lè dá a dúró. Wọn àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: àwọn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé 0.10 sí 0.15 mílímítà, àwọn tó ń tú èéfín 0.20 sí 0.25. Titanium ni wọ́n. Bí ojú wọn bá jẹ, àlàfo á máa dín kù, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣòro láti tan. Bí o bá fi ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń pinnu àlàfo) tún un ṣe, tó tún dín kù láìpẹ́, fáàfù ló ti tán, pààrọ̀ rẹ̀.

OníṢéènì:

Kí o tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò tíráàkì: fi wáyà irin 0.8 mílímítà so nọ́ọ̀tì ìdà-epo, ìdérí epo àti ìdérí fíltà kí wọ́n má baà tú. Ọ̀pọ̀ tíráàkì kò gba omi rédíétọ̀ tó ní glycol (èròjà tí kì í jẹ́ kí omi di yìnyín), nítorí tó bá dà sí ọ̀dà, ó ń yọ̀, kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Omi tí a sè di oru tí a sì tún sọ di omi (distilled water), èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà mọ́tò, ni kí o dà sí i pẹ̀lú èròjà ìtutù tí kò ní glycol. Níbi tí o wà yẹn, tú u dànù kí òtútù tó dé. Bí omi lásán bá di yìnyín nínú ẹ́ńjìnnì, á là á. Ní ti bíréèkì, omi bíréèkì DOT 4 máa ń hó ní ó kéré tán 230°C nígbà tó ṣì tuntun, DOT 5.1 ní 260. Àwọn ti eré ìje lé ní 300. Má da DOT 5 sí i, silicone nìyẹn. Kí o sì fi ìka gbá sípóòkù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí o bá gùn ún. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá wúwo ju ti ìyókù lọ ti tú.