Ọparun wa ní Ẹ̀pẹ́ ń rù: ṣé ewé tí à ń sun ni, àbí èéfín ọkọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti onímọ̀ ilẹ̀. Bàbá mi ló gbin ọparun yìí sẹ́bàá ọ̀nà ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ sí. Látìgbà tí a ti ń gbá ewé tó já bọ́ jọ, tí a ń sun ún, èéhù tuntun kì í sanra mọ́. Mo mọ̀ pé ewé tó jẹrà ló ń dá náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewéko dàgbà, padà sílẹ̀. Tí a bá sun ún, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òjò náà ń rọ náítírójìn inú èéfín ọkọ̀ sílẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa mú kí ilẹ̀ di kíkan (kí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀), kí kálísíọ̀mù, oúnjẹ ewéko mìíràn, bá omi ṣàn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe tèmi? Ṣé kí n da ẹfun oko (láìmù) sí i, kí kíkan ilẹ̀ náà lè dín kù? Ó ká mi lára gan-an.